Ìlẹ̀kẹ̀ Ọrùn Aṣọ: Bí A Ó Ṣe Rán An Tí Kò Fi Ní Já

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka Abúja, tí ìgbìmọ̀ ní kí ó kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò sí ní ìjókòó.

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀ tí a ó rán sí ọrùn bùbá àwọn obìnrin fún ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ń wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé Akọ̀wé yìí kan náà tó ta ti ìjọ́sí fún wa?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun kan lónìí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2023, a fẹnu kò pé kí bùbá òfì àwọn obìnrin ní ìlẹ̀kẹ̀ ní ọrùn àti ní ẹnu apá. Àwọn ìyá méjì ní kí a fi ọwọ́ rán an. Èmi ni mo dìde tí mo ní kò sí àkókò, pé mo ní ìlẹ̀kẹ̀ oní-yáàdì ní ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tí wọ́n ti tò sórí àwọ̀n láti òkè òkun wá, pé kí télọ̀ kàn fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ẹgbẹ́ gbà. Mo ta yáàdì náà, mo sì jèrè. N kò ní purọ́ fún yín, mo jèrè.

Ẹ rántí bí ọjọ́ náà ti rí. Láàárọ̀, olúkúlùkù obìnrin ló lo áyọ́ọ̀nù sí bùbá rẹ̀. Èmi náà lo temi. Gọ́ọ̀mù gbígbóná kò mọ̀ ju ohun méjì lọ: bí ooru bá kàn án, a rọ̀, bí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, a gan, a sì ṣí. Nígbà tí onílù kọ́kọ́ ki Ìyá Ẹgbẹ́, tí gbogbo wa bọ́ síta láti jó, etí àwọ̀n náà ti ṣí lára aṣọ púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀. Ìpèlé ẹnìkan kọ́ etí tó ṣí lọ́rùn ẹlòmíràn, ó fà á, òwú rẹ̀ sì tú láti òpin kan dé èkejì bí ìgbà tí a bá tú irun dídì. Ìlẹ̀kẹ̀ dà sílẹ̀ bí ọkà bàbà. Àwọn ọmọdé ń ṣa á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tí n kò ní dárúkọ, fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí táìlì dídán yẹn, ó yọ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn.

Ìyá náà kò fi mí sùn níbì kankan. Nígbà tí mo lọ kí i nílé, ohun tó wí fún mi kò ju pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kò mọ̀ pé a máa ń ta kókó sí ìdí ìlẹ̀kẹ̀ ni?" N kò mọ̀. Mo ti ta ìlẹ̀kẹ̀ fún ọdún 11 nígbà náà, n kò mọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó ń fi ẹnu kọ́ mi nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mókun, nígbà tí ó sì san, ó fi ọwọ́ kọ́ mi. Ohun tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu mi lónìí, tirẹ̀ ni. Ibi tí mo bá ti ṣì í sọ, temi ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ìlẹ̀kẹ̀ oní-yáàdì fi ń tú, nítorí a kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má rà á mọ́, èmi náà ṣì ń tà á. Púpọ̀ nínú èyí tó ń ti Íńdíà àti Ṣáínà wá, abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu kíkọ́ ni wọ́n fi rán an. Bí ẹ bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹ ó rí òwú kan ṣoṣo tó kọ́ ara rẹ̀ lọ bí ẹ̀wọ̀n. Ìránṣọ yìí yá, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n bí a bá gé e níbì kan tí a kò ta kókó sí ojú ibi tí a gé, fífà díẹ̀ ti tó. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá rà á, kí ó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, kí ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú dí apá ọ̀tún àti apá òsì ibi tí ó fẹ́ gé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí ó gé e láàárín. Kí ó sì fi òwú rán àwọ̀n náà mọ́ aṣọ yíká, etí òkè àti etí ìsàlẹ̀. Bí a bá ti ṣe ìwọ̀nyí ní 2023, ìyá wa kò ní ṣubú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni mo fẹ́ kí a ṣe lọ́dún yìí. Mo fẹ́ kí a fi ọwọ́ wa rán an.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan rò pé orí fóònù ni a ti rí ìlẹ̀kẹ̀ orí aṣọ kọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, ibì kan wà tí à ń pè ní Igbó Olókun. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ gíláàsì nínú ìkòkò níbẹ̀, wọ́n ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, débẹ̀ ní 1910, ó sì rí àwọn ìkòkò náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń sọ ìtàn iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ó gbé e fún àwọn ará Atlantis, ìlú àlọ́ kan tí wọ́n ní ó rì sínú òkun. Ní 2017, ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n wú nínú ilẹ̀ Igbó Olókun lé ní 12,000, ìwádìí náà sì fi hàn pé Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe gíláàsì náà, wọn kò rà á wá láti ibòmíràn. Ní Ìlọrin, òkúta pupa tí à ń pè ní lántànà ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n sì ń lu ihò sí, iṣẹ́ tí wọ́n gbé ti Ọ̀yọ́ Ilé wá. Ó lọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn Núpé tí wọ́n múlé gbè wá níbí náà kò gbẹ́yìn: ní Bídà, àwọn Màságá ti pẹ́ nídìí yíyọ́ ìgò sí ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́.

Iyùn àti sègi, ọrùn àti ọwọ́ ni ibùgbé wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a lè rán mọ́ aṣọ bí ẹni kọ ìwé, inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó pọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa láti òkè òkun, òun ló sì mú kí iṣẹ́ adé gbilẹ̀. Láyé ìgbà náà kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè wọ̀ ọ́. Ọba ló ni adé àti bàtà onílẹ̀kẹ̀, babaláwo ló ni àpò onílẹ̀kẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ orúkọ Èfọ̀n-Alààyè nídìí iṣẹ́ yìí, àti ìdílé Adéṣínà níbẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn a sín ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ kan sí òwú, wọn a tẹ́ ẹ lé orí aṣọ líle, wọn a sì máa fi òwú há a mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan. Kò sí gọ́ọ̀mù nínú rẹ̀. Èmi kò tíì gbọ́ ọ rí pé ìlẹ̀kẹ̀ adé dà sílẹ̀ níbi tí ọba ti ń jó.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọ inú iṣẹ́ náà.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ dán wò. Ẹ mú bí i ogún, ẹ rẹ wọ́n sínú omi ọṣẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi aṣọ funfun nù wọ́n. Bí aṣọ náà bá pọ́n tàbí tó bá yọ àwọ̀ búlúù, ọ̀dà ni wọ́n kùn ún, òógùn ọrùn yóò fọ̀ ọ́ sára òfì yín. Kí oníṣòwò má bínú, kí ẹ dá a padà fún un. Bí oníṣòwò náà bá jẹ́ èmi, ẹ dá a padà pẹ̀lú.

Òwú pọliẹ́sítà ni kí a lò, kì í ṣe kọ́tìnnì tó máa ń jẹrà. Okùn ọ̀rá tí apẹja ń lò ni ọ̀pọ̀ ń rà lọ́wọ́ mi, ó dára fún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tó wúwo, ṣùgbọ́n lórí aṣọ, kókó rẹ̀ máa ń yọ̀ tú, òpin rẹ̀ a sì máa gún ni lọ́rùn. Ẹ wọn òwú kí ó gùn tó apá kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò lọ́. Ẹ fi ìda oyin pa á lára kí ó má baà họ, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Abẹ́rẹ́ tínrín ni, nítorí yóò gba inú ihò ìlẹ̀kẹ̀ kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún. Ẹ da ìlẹ̀kẹ̀ sórí aṣọ ìnura nínú àwo, kì yóò yí kiri.

Nísinsìnyí, ohun tó ṣe pàtàkì jù: a kì í rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ òfì tààrà. Òfì ni òwú tí ó fẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ wúwo, yóò fà á, ọrùn aṣọ á wọ́. Ẹ gé aṣọ líle tí àwọn télọ̀ ń pè ní sitéè, kí ó rí bí ọrùn bùbá gẹ́lẹ́, kí ó fẹ̀ tó ìka méjì. Ẹ fi aṣọ tó bá òfì mu bò ó lójú. Orí rẹ̀ ni a ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, orí rẹ̀ ni a ó ti rán ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, a ó fi aṣọ inú tó rọ̀ bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí kókó má baà ha ni lọ́rùn, a ó sì wá fi òwú gígùn gígùn há gbogbo rẹ̀ mọ́ bùbá. Bí aṣọ bá dọ̀tí, a tú òwú gígùn yẹn, a fọ aṣọ, a tún há a padà. Bí bùbá bá gbó, ọrùn onílẹ̀kẹ̀ kò gbó. Ìyá tí mo ń sọ yìí ní ọ̀kan tó ti wà lára aṣọ mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn sì wà lára ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó bí sí Gàrkí níbí, ọmọ tí kò dé Ìsẹ́yìn rí.

Bí a ṣe ń rán an nìyí. Ẹ ta kókó sí òpin òwú, ẹ ti abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ẹ sín ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta. Ẹ tẹ́ wọn sórí ìlà, kí wọ́n fara kanra, ṣùgbọ́n kí wọ́n má há. Ibi tí ẹ̀kẹta parí sí ni kí abẹ́rẹ́ ti wọlẹ̀. Ẹ má tíì sín òmíràn. Ẹ padà sẹ́yìn lábẹ́ aṣọ, ẹ yọ abẹ́rẹ́ jáde láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kejì àti ẹ̀kẹta, kí ẹ sì tún gba inú ihò ẹ̀kẹta kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ni ẹ tó lè sín mẹ́ta mìíràn. Ibi tí ọrùn bá ti yí, ẹ máa sín méjì méjì, nítorí mẹ́ta kì í lè tẹ̀, yóò ṣe igun. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sín mẹ́ta mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ ta kókó sí ẹ̀yìn. Èyí ni ìbéèrè tí ìyá wa bi mí lórí ìrora. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 18, èyí sì tó ínṣì kan. Bí òwú bá já lọ́jọ́ kan, ínṣì kan péré ni yóò bàjẹ́, ìyókù yóò dúró. Ẹni tó bá ń wo iwájú aṣọ kò lè mọ̀ bóyá kókó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń gbaṣẹ́ ti máa ń rẹ́ ni jẹ.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ìṣirò ọjà kì í ṣì mí lọ́wọ́. Ọrùn bùbá kan jẹ́ ínṣì 24 yíká. Ínṣì kan gba ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ 18. Bí a bá ṣe ìlà mẹ́ta, ó di 1,296 fún ọrùn kan. Àwọn obìnrin tó ti forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 36, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 46,656. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín, kò tó ìlàjì kílò lórí ìwọ̀n. Kí a ra ìlàjì kílò, nítorí èyí tó wọ́ àti èyí tí ihò rẹ̀ dí. Ní ti àkókò, mo gbé aago síwájú, mo rán odidi ọrùn kan: wákàtí 4 ni, pẹ̀lú sitéè àti aṣọ inú. Wákàtí 144 ni fún bùbá 36. Bí obìnrin 12 bá jókòó fún wákàtí mẹ́ta ní Sátidé, wákàtí 36 ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan. Sátidé mẹ́rin. Kí a sọ pé márùn-ún, nítorí ìnáwó àti òkú kì í tán ní Sátidé.

Ẹ ó rí i pé n kò ka ẹnu apá mọ́ ọn. Èrò mi ni pé kí a fi ẹnu apá sílẹ̀ lófìfo. Orí tábìlì àti inú ọbẹ̀ ni ẹnu apá máa ń wà, òun ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìyá Ẹgbẹ́ kò fara mọ́ èyí, mo sì mọ̀ pé ẹ ó gbọ́ tẹnu wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni, kí àwọn tó bá rán an má gbowó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn Hausa tí a jọ ń gbé. Bàbáńrígá tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ òwú sí láyà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní aska takwas, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí àwọn ẹnu ṣóńṣó tó wà lára rẹ̀, kò sí ọlọ́lá kan tí yóò rà á kí ó máa bá oníṣẹ́ náà jiyàn pé máṣíìnì ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n mọ ìyàtọ̀, wọ́n sì ń sanwó ìyàtọ̀ náà. Àwa tí a ń ra agbádá kan náà lọ́wọ́ wọn, tí a sì ń san owó rẹ̀ láì janpata, àwa náà ni a ó wí fún ìyá wa pé kí ó fi ojú rẹ̀ rán ìlẹ̀kẹ̀ 1,296 lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó máa wọ bùbá san owó iṣẹ́ ọrùn kan fún ẹni tó rán an. Ẹni tó bá rán tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó má san.

Ní ti èrè tí mo jẹ ní 2023, mo ti kó o jọ. Ó wà nínú àpò ìwé tí mo fi lé Akápò lọ́wọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ fúnra mi. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ra ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú ọdún yìí, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni a ó ti rà á. Kí ìgbìmọ̀ rán ẹni méjì lọ sí ọjà Wúsé, kí wọ́n yẹ ọjà wò káàkiri, kí wọ́n sì dán an wò nínú omi ọṣẹ bí mo ti wí.

A ó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìpàdé níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń wọlé, nítorí a kò lè fọkàn tán iná ìjọba. Kí olúkúlùkù mú sísọ́ọ̀sì kékeré, àwo pẹrẹsẹ, aṣọ ìnura àti ọrùn bùbá rẹ̀ tí télọ̀ ti gé wá. Abẹ́rẹ́ wà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ó má jókòó sílé, a nílò ẹni tí yóò máa fi ìda pa òwú. Ẹ mú àwọn ọmọ náà dání, ojú wọn mú, àwọn ni yóò máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wa. Ìyá wa ti ní òun yóò wá jókòó, òun ni yóò sì máa yí ẹ̀yìn iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sókè láti ka kókó rẹ̀.